Ọgọ́ta Tapólì

Ọgọ́ta ni ìwé Àbújá wí.
Ọgọ́ta ni mo kà sínú ọkọ̀ ní Dutse kí ilẹ̀ tó mọ́,
mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí, mo buwọ́ lù ú.
Èmi Ìbídùn, ọmọ Àgọ́-Àmọ̀dù, olùtọ́jú ilé-ẹrù,
ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ka ohun tí kì í ṣe tèmi.

Ọ̀nà sìn wá dé ibi afárá kékeré kan, ó ní òun ò lọ mọ́.
Afárá náà ńkọ́? Ó ti bá omi lọ.
Irin méjì péré ló na ọwọ́ sókè bí ẹni ń pe takisí.
Sábíù dírẹ́bà wa wo omi, ó wo táyà,
ó jókòó sábẹ́ ọkọ̀, ó bu obì gbànja sẹ́nu.

A pariwo. Omi ló dáhùn.
Ìgbà tó yá ni a rí ọkùnrin kan lórí akèrègbè ńlá,
ó fi àyà lé e, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á bọ̀.
Kyauta lorúkọ rẹ̀. Apẹja ni.
Ó ní, "Inú ilé mi ni mo ti ń pẹja báyìí."

Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lọ tó bọ̀,
tapólì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó dè wọ́n mọ́ akèrègbè bí ẹni pọn ọmọ.
Èmi náà gun un. Mi ò mọ̀wẹ̀.
Mo di fáìlì mi sínú ọ̀rá, mo gbé e lérí,
gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ dà rú mọ́ mi lẹ́nu.

Gidan Tsamiya kò sí mọ́.
Igi àjàgbọn tó fún abúlé lórúkọ ló ṣẹ́ kù,
ìkòkò, adìẹ mẹ́ta àti jígí kan wà lórí ẹ̀ka rẹ̀.
Wọ́n ní a kì í bá omi ṣọ̀tá.
Ta ló bá a ṣọ̀tá níbí?
Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ òjò,
ọkà bàbà gbẹ lójú wọn, màlúù kú lẹ́bàá kànga;
nígbà tí òjò yóò jẹ́ wọn,
ó fi ohùn ọdún mẹ́rin jẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Ilé kan, tapólì kan.
Mo pe ọgọ́ta tán, ojú ṣì ń wò mí.
Mo kà wọ́n: ilé mọ́kànlélọ́gọ́fà.
Mo tún wọn kà. Mo ṣí ìwé padà, bóyá ewé méjì lẹ̀ mọ́ra.
Ta ni kí n fún? Ta ni kí n fi sílẹ̀ fún ìràwọ̀?

Obìnrin kan dìde, Talatuwa, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀,
kò bá mi sọ̀rọ̀.
Ó mú dòjé, ó tẹ́ tapólì kan sílẹ̀,
ó fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, láti ìka dé èjìká,
ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i,
ó sì là á. Ṣàà!
Ara mi gbọ̀n, àfi bí ẹni pé aṣọ ọrùn mi ni wọ́n ya.
Ọgọ́ta di ọgọ́fà kí oòrùn tó yẹ̀ lórí.

Ó ku ẹyọ kan.
Mai-unguwa wo ìdajì ìkẹyìn bó ti ń lọ,
ó ṣa ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹrù jọ, ó gbọn omi rẹ̀ nù.
Ó ní, "Èyí fẹ́lẹ́. N ó máa rí òṣùpá."
Òun ló tẹ̀ka gbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìwé, àyè ti tán níwájú.

Wọ́n pè mí láti Àbújá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e,
ohùn tútù, ẹ̀rọ amúlétutù ń hùn lẹ́yìn rẹ̀:
"Màdáàmù, ẹrù jẹ́ ọgọ́ta, ìtẹ̀ka jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́fà.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ yẹn ní ìlà méjì."

Ìlà méjì.
Mo gbé bírò pupa, mo gbé e sílẹ̀.
Òjò ti ń ṣú ní ìhà Hadéjìà.
Mo na apá mi sórí tábìlì, mo ń wò ó láti ìka dé èjìká,
mo ń ro ibi tí wọ́n ti ń ta dòjé ní Dutse.